Òfin Tí Ọkọ Mi Ṣe Nítorí Ajá

Ọkọ mi fẹ́ràn ẹranko púpọ̀, pàápàá ní ọjọ́ Sátidé. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, kì í sí nílé láti fẹ́ràn ohunkóhun. Kí ládàánì tó pe ìrun àsùbáà ni yóò ti gbé báàgì rẹ̀, tí yóò ti kọrí sí ojú ọ̀nà Èkó, nítorí pé Ìkẹjà ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà, ilé wa sì wà ní Adigbe, ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí yóò bá fi padà dé, ilẹ̀ á ti ṣú, ọbẹ̀ á ti tutù, á sì ti rẹ òun náà débi pé orí àga ni yóò ti máa sùn. Ṣùgbọ́n tó bá di Sátidé, ẹ wá wo ìfẹ́. Á jókòó ti tẹlifíṣọ̀n, á máa wo bí àwọn òyìnbó ṣe ń tọ́jú ọmọ erin tó sọ ìyá rẹ̀ nù, omi á sì lé ròrò sí i lójú. Mo ti bá a sọ ọ̀rọ̀ owó ilé ìwé àwọn ọmọ nírú àkókò bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní kí n ní sùúrù, kí erin náà kọ́kọ́ rí ìyá rẹ̀.

Òun ló ra ajá wá sílé. Àwọn olè ti fo ògiri wọ ilé kan ní àdúgbò wa, gbogbo onílé sì ń wá ohun tí yóò máa gbó lóru. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Èkó ló ta á fún un, ó sì búra pé ìran ajá náà ti òkè òkun wá. Ọkọ mi wá sọ ọ́ ní orúkọ ààrẹ ìlú òyìnbó kan, orúkọ tó gùn tó sì le lẹ́nu. Káfíńtà kan bá wa kan ilé onípákó fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí à ń gbé jẹnẹrétọ̀ sí. A ra oúnjẹ inú àpò tí wọ́n ya àwòrán ajá sí lára. A ra ẹ̀wọ̀n irin tuntun tó ń dán bíi fàdákà. Àwọn ọmọ wa méjèèjì, tí wọ́n wà ní ìsinmi nígbà náà, ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n ń bu omi fún un, wọ́n ń bá a sáré yí ilé ká.

Ìsinmi parí, àwọn ọmọ padà sí ilé ìwé wọn, níbi tí wọ́n ń gbé. Oúnjẹ inú àpò wọ́n ju ìrẹsì àwa ènìyàn lọ, ni ajá olórúkọ ńlá bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀bà àná. Tíṣà ni èmi, ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan nínú ìlú, ìdájí ni èmi náà ń jáde. Mo rò pé kí ọkọ mi tó jáde ló ń bu omi sílẹ̀ fún un. Òun náà rò pé èmi ni. A jọ ń gbé inú ilé kan náà, kò sì sí ẹni tó bi ẹnì kejì léèrè.

Ilé tó kángun sí tiwa jẹ́ ti ọ̀gá kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Kì í gbé ibẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló fi síbẹ̀, ìyá àgbà kan tó jẹ́ agbẹ̀bí ìjọba kó tó fẹ̀yìntì. Òwu ni wọ́n bí i sí, Òwu náà ló sì gbé títí di ìgbà tí ọmọ rẹ̀ fi kọ́ ilé tuntun, tó ní kò bójú mu kí ìyá òun máa gbé inú ilé alámọ̀ àtijọ́ tí èrò kún. Ó mú un wá sí Adigbe, sínú ilé ńlá tí kò sí èrò kankan níbẹ̀. Gbogbo wa ń pè é ní Màmá. Ó ní adìẹ díẹ̀ tó ń sìn ní ẹ̀yìnkùlé, ó sì máa ń bá wọn sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, mo ti ilé ìwé dé, mo sì bá ẹ̀wọ̀n ajá nílẹ̀, ó ti já. Mo gbọ́ ohùn kan lábẹ́ mọ́tò tó ti bàjẹ́ nínú ọgbà wa, ohùn tí mi ò mọ̀ bóyá ti ènìyàn ni tàbí ti ẹranko. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ wò ó, ajá ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti bó láti èjìká dé ìbàdí, ẹran pupa hàn. Ó ń gbọ̀n. Mo na ọwọ́ sí i, kò gé mi jẹ. Ojú ló kàn fi ń wò mí.

Mi ò tíì mọ ohun tí mo lè ṣe nígbà tí Màmá yọ orí láti ojú fèrèsé rẹ̀.

"Tíṣà, ẹ káàbọ̀. Èmi ni mo da omi gbígbóná sí ajá yín. Ó jẹ adìẹ mi."

Ó pa fèrèsé dé.

Nígbà tí ọkọ mi dé lálẹ́ ọjọ́ náà, ó rí ajá, ó sì sunkún. Ó ní òun kò ní lọ sí ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ó yà mí lẹ́nu, nítorí lọ́jọ́ tí mo bí àbíkẹ́yìn wa, ó ní ọ̀gá òun kò gbà kí òun kúrò ní ọ́fíìsì.

Lọ́jọ́ Ẹtì, a gbé ajá lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Dókítà fọ egbò náà, ó fi oògùn aláwọ̀ aró pa á, ó gún un lábẹ́rẹ́. Ó wá fi ọwọ́ tọ ìhà rẹ̀, ó ń ka egungun.

"Ajá yìí rù. Ṣé ó ń jẹun dáadáa?" ló bi wá.

Ọkọ mi kò gbọ́ ìbéèrè náà. Ó ti na fóònù rẹ̀, ó ń ya fídíò egbò láti ọ̀tún àti láti òsì, ó ń sọ fún àwọn tí yóò wò ó pé kí wọ́n wá wo ìwà ìkà ọmọ ènìyàn.

Láti ibẹ̀, àgọ́ ọlọ́pàá ló yà sí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí a kọ́kọ́ lọ bá Màmá fúnra rẹ̀, àgbàlagbà ni, aládùúgbò sì ni. Ó ní ọ̀rọ̀ ti kọjá ìyẹn, ọ̀rọ̀ òfin ló kù. Ọlọ́pàá tó wà lẹ́yìn káńtà kí wa dáadáa, ó sì tẹ́tí títí tí ọkọ mi fi rojọ́ tán.

"Ẹ ní ta ni wọ́n da omi gbígbóná sí?" ló béèrè.

"Ajá mi."

"Ajá yín. Ṣé ó ti kú?"

"Kò kú."

Ọlọ́pàá fi bírò sílẹ̀. "Ọ̀gá, mi ò ní purọ́ fún yín, òfin wà. Ẹni tó bá hùwà ìkà sí ẹranko, kóòtù lè ní kó san owó ìtanràn, wọ́n sì lè rán an lẹ́wọ̀n oṣù díẹ̀. Ṣùgbọ́n láyé àtijọ́ ni wọ́n ti kọ ọ́. Epo tí ẹ máa fi dé kóòtù ju owó ìtanràn náà lọ."

"Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí òfin náà le sí i," ni ọkọ mi wí. "Ó yẹ kó jẹ́ ẹ̀wọ̀n ọdún gbọọrọ."

"Ẹni ọdún mélòó ni ẹni tó da omi náà?"

Èmi ni mo sọ pé ó ṣeé ṣe kí Màmá ti tó ẹni ọgọ́rin ọdún.

"Ẹ jẹ́ ká ní mo lọ mú un wá," ni ọlọ́pàá wí. "Ta ni yóò máa gbé oúnjẹ wá fún un? Ta ni yóò máa rán an létí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru? Èmi náà ni. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n sinmi."

Lábẹ́ káńtà rẹ̀, àkùkọ méjì wà nílẹ̀ tí wọ́n so ní ẹsẹ̀ pọ̀, wọ́n la ẹnu sílẹ̀, wọ́n ń mí gúlegúle. Ọkọ mi ń wò wọ́n. Ọlọ́pàá rí i pé ó ń wò wọ́n.

"Ti ìkómọ ẹ̀gbọ́n mi ni," ló wí. "Àwọn yẹn kì í ṣe ẹranko, oúnjẹ ni wọ́n."

Bí ìjọba kò ṣe ṣe é nìyẹn, ni ọkọ mi bá pinnu láti ṣe òfin fúnra rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò wa máa ń ṣe ìpàdé lóṣooṣù lábẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú ilé alága. Ọkọ mi kì í lọ síbẹ̀, ó máa ń ní ó rẹ òun. Ní oṣù náà, òun ló kọ́kọ́ dé. Ó gbé fóònù yí ká, gbogbo wọn wo fídíò náà, wọ́n ń mi orí, wọ́n ń pòṣé. Ó wá dìde, ó sì sọ̀rọ̀ tó dára. Bí mo ṣe jókòó láàárín àwọn ìyàwó ilé, orí mi wú. Ó ní ẹni tó bá lè fìyà jẹ ohun tí kò lè sọ̀rọ̀, ọmọ ẹlòmíràn ló kàn. Ó ní ìyà tó rọ̀ kì í kọ́ ẹnikẹ́ni lọ́gbọ́n.

Wọ́n jọ fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni tó bá fìyà jẹ ẹranko ní àdúgbò náà yóò gbá òpópónà wa láti orí dé ìdí, ní ọ̀sán gangan, lójú gbogbo ayé. Bàbá kan na ọwọ́, ó béèrè nípa ìgbín, nítorí ìyàwó òun máa ń fọ́ ọ láàyè. Ẹlòmíràn béèrè nípa eku tí a fi gọ́ọ̀mù mú. Alága ronú díẹ̀.

"Ohun tí à ń jẹ àti ohun tó ń jẹ wá kò sí nínú rẹ̀," ló dájọ́.

Ọkọ mi tún dìde. Kò fẹ́ kí òfin náà ní àlàfo. Ó ti ka òfin ìlú òyìnbó lórí fóònù fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. "Kì í ṣe lílù àti omi gbígbóná nìkan ni ìyà," ló wí. "Ebi ńkọ́? Òùngbẹ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí a kà wọ́n mọ́ ọn." Wọ́n kà wọ́n mọ́ ọn. Lọ́yà kékeré kan tó jẹ́ ayálégbé níbẹ̀ ní òfin kì í padà sẹ́yìn lọ mú ẹni tó ti ṣẹ̀ kí wọ́n tó ṣe é. Wọ́n rán an létí pé ìpàdé àwọn onílé ni.

Wọ́n wá ránṣẹ́ pe Màmá. Ó dé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, gèlè rẹ̀ sì dúró dáadáa lórí. Gbogbo ọkùnrin dìde, àwa obìnrin kúnlẹ̀. Wọ́n gbé àga alága fún un, alága sì lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Bí a ṣe ń kí adájọ́ gan-an ni a kí ẹni tí a fẹ́ dá lẹ́jọ́.

"Ẹ kú ìjókòó o," ni Màmá wí.

"Ẹ káàbọ̀, Mà," ni alága dáhùn. Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn fún un láti sọ. "Màmá, ẹ má bínú. Wọ́n ní ẹ da omi gbígbóná sí ajá."

"Mo dà á."

"Ẹ dà á, Mà?"

"Omi tí mo fẹ́ fi wẹ̀ ni. Ó ti jẹ adìẹ mi tó ń sàba dé ìdajì nígbà tí mo já lù ú. Inú bí mi. Bí mo ṣe dà á tán ni mo ti mọ̀ pé mi ò ṣe dáadáa. Ọwọ́ yìí gbẹ̀bí fún ọdún pípẹ́, kì í ṣe ọwọ́ tó yẹ kó bó ẹranko láwọ. Ohun tí ẹ bá ní kí n ṣe, màá ṣe é."

Ọkọ mi jókòó, ó ká apá mọ́ àyà, ó ń mi orí bí ẹni tí ọ̀ràn dùn ṣùgbọ́n tí òdodo tẹ́ lọ́rùn. Màmá kò tíì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ rán sí mi sọ pé òùngbẹ wà nínú òfin yín. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Ó wà nínú rẹ̀, Mà," ni ọkọ mi dáhùn kíákíá. "Èmi fúnra mi ni mo ní kí wọ́n fi sí i."

"O ṣeun, ọmọ mi. Ihò kan wà lábẹ́ ògiri tó wà láàárín wa, ibẹ̀ ni omi òjò ń gbà kọjá. Ojoojúmọ́ ni mo fi ń ti abọ́ omi sí ajá yín láti ibẹ̀, torí pé bí oòrùn bá ti mú, ó máa ń sunkún. Kì í gbó o, ẹkún ló máa ń sun. Oúnjẹ tó bá ṣẹ́kù nínú àwo mi náà, ibẹ̀ ló ń gbà. Lọ́sẹ̀ ọjọ́ yẹn, àbúrò mi obìnrin ń ṣàìsàn ní Wásinmi, mo lọ wò ó. Nígbà tí mo padà dé ní Ọjọ́bọ̀, ajá ti já. Kò lọ sí ilé ẹlòmíràn. Ibi tí omi ti máa ń wá ló wá."

Ewé máńgòrò kan já bọ́ sórí tábìlì, alága mú un, ó ń fi ọwọ́ tẹ́ ẹ bí ẹni pé ó ṣe pàtàkì.

"Mo gbọ́ pé wọ́n lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá kí wọ́n lè rán mi lẹ́wọ̀n," ni Màmá wí. "Mi ò bínú. Ajá náà ti wà lórí ẹ̀wọ̀n ṣáájú mi, òun ò sì da omi gbígbóná sí ẹnikẹ́ni."

Alága wá kọjú sí mi. Mo ti ń gbàdúrà pé kó má kọjú sí mi. "Ìyàwó wa, ẹ dákun, ta ló ń bu omi fún ajá nínú ilé yín?"

"Àwọn ọmọ ni, sà," ni mo wí.

"Àwọn ọmọ dà?"

"Wọ́n ti padà sí ilé ìwé."

Ó béèrè lọ́wọ́ ọkọ mi bóyá ó ní ohun tó fẹ́ sọ. Ọkọ mi dìde, ó ní òun ló ń ra oúnjẹ ajá náà. Nígbà tó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò gbé òun dé ibì kankan, ó jókòó.

Ìdájọ́ kò pẹ́. Àwọn méjèèjì jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn kan kù: ta ni yóò fi ìgbálẹ̀ lé àgbàlagbà lọ́wọ́ nínú oòrùn? Bàbá tó béèrè nípa ìgbín ló tún yanjú ìyẹn. Ó ní nílẹ̀ Ẹ̀gbá, bí iṣẹ́ bá kan ìyá, ọmọ ló ń ṣe é. Ọmọ Màmá wà ní Èkó, ọkọ mi ló sì súnmọ́ ọn jù, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn. Báyìí ni wọ́n ṣe ní kí ọkọ mi gbá tirẹ̀, kó sì gbá ti Màmá mọ́ ọn.

Ó gbá a. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó wọ fìlà, ó mú ìgbálẹ̀ ọlọ́wọ́ gígùn, ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí títì ọlọ́dà ti wọ àdúgbò wa. Àwọn ènìyàn jáde wá kí i. "Ẹ kú iṣẹ́ o," ni gbogbo wọn ń wí, kò sì sí ẹni tó rẹ́rìn-ín, èyí tó burú ju ẹ̀rín lọ. Nígbà tó gbá a dé iwájú ilé Màmá, òógùn ti bo aṣọ rẹ̀. Màmá ti gbé àga jáde, ó jókòó, ife omi tútù wà lórí itan rẹ̀.

"Ọmọ mi, wá mu omi," ló wí.

Ọkọ mi dúró. Mo rò pé kò ní gbà á. Ó dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ó gba ife náà, ó mu ún tán láì sinmi. Màmá tún bu òmíràn. Lẹ́yìn tó mu èyí kejì ló wá sọ pé, "Ẹ ṣeun, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Màmá ní kó lọ gbá ìyókù kí oòrùn tó mú jù.

Egbò ajá náà jinná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irun kò hù lójú ibẹ̀ mọ́. A kò so ó mọ́. Ọjọ́ tí a tú u sílẹ̀ gan-an ló rìn gba géètì jáde, ó yà sí ilé Màmá, ó sì sùn sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé níbi tí wọ́n ti bó o láwọ. Ọkọ mi lọ mú un padà. Ó tún lọ. Nígbà tó lọ lẹ́ẹ̀kẹta, a fi í sílẹ̀. Màmá ní òun kò lè pe orúkọ òyìnbó tó ń jẹ́, ahọ́n òun kò yí i. Ó sọ ọ́ ní Ebiòmòfin. Ìdájí, nígbà tí ọkọ mi bá ń wa mọ́tò jáde, ni Màmá máa ń pè é, pẹ̀lú ohùn tó já gaara: "Ebiòmòfin, wá jẹun." Ọkọ mi ní dandan kọ́ ni kó pè é ní àkókò yẹn. Mo ní ajá ní láti jẹ oúnjẹ àárọ̀.

Ẹ ó rò pé ọkọ mi ti jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ òfin. Kò jáwọ́. Ní ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, òun ló ṣì ń sọ pé kí ìjọba sọ ìyà àwọn tó ń hùwà ìkà sí ẹranko di ohun tó le. Mo bi í pé ṣé ìgbálẹ̀ kò tíì tó. Ó ní ìgbálẹ̀ náà ni ẹ̀rí òun. Ó ní ká ní owó kékeré ni wọ́n ní kí òun san, òun ì bá san án, òun ì bá sì gbàgbé kí òun tó dé ilé. Mi ò lè sọ pé irọ́ ló ń pa. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé òfin, bó ti wù kó le tó, ẹni tó da omi gbígbóná ni ojú rẹ̀ máa ń tètè rí. Ẹni tí kò bu omi tútù ṣòro láti mú, nítorí kò ṣe nǹkan kan. Ní ti òfin àdúgbò wa, ó ṣì wà. Kò sẹ́ni tó tún mú ẹjọ́ wá. Gbogbo wa ní nǹkan tí a so mọ́ ẹ̀yìnkùlé.

Lẹ́yìn ọdún Ajíǹde, ọmọ Màmá wá láti Èkó. Ó fẹ́ mú ìyá rẹ̀ lọ, ó ní kí a bá òun bẹ̀ ẹ́. Ilé alájà ni wọ́n ń gbé níbẹ̀, òkè pátápátá, onílé kò sì gba ajá láyè.

"Owó ni mo ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù," ló ń sọ fún wa. "Mi ò jẹ́ kí ohunkóhun wọ́n ọn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n," ni ọkọ mi wí. "Èmi náà ti sọ ọ́ báyẹn rí."

Màmá kò lọ. Ó ní tí òun bá dé òkè pátápátá, ta ni òun yóò máa bá sọ̀rọ̀, ṣé fèrèsé ni. Ọmọ rẹ̀ ti wá ń wá wò ó báyìí, kì í ṣe gbogbo ọjọ́ Àìkú, ṣùgbọ́n ó ń wá. Tó bá fẹ́ padà, ajá náà á sìn ín dé ẹnu géètì, á sì dúró síbẹ̀ títí mọ́tò náà yóò fi yà lọ́nà ìsàlẹ̀. Èmi rò pé ṣe ló ń ṣọ́ ọ. Màmá ní ọ̀nà ló ń sìn ín, pé ajá tí a tọ́ dáadáa kì í jẹ́ kí àlejò dá lọ.